Àwọn Obìnrin Tó Na Ọwọ́ fún Ẹgba

Ọdún kejì tí mo dé Manchester ni wọ́n gbé ìtọ́jú ìyá àgbà kan fún mi ní Ramsbottom, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Iṣẹ́ care ni wọ́n torí ẹ̀ fún mi ní físà. Ọkọ mi tẹ̀lé mi wá, ó sì rí iṣẹ́ sí warehouse kan. Openshaw là ń gbé, nínú yàrá kan àti pálọ̀ tí ògiri rẹ̀ máa ń làágùn nígbà òtútù. Láàárọ̀, màá wa ọkọ̀ kékeré wa lọ sí Ramsbottom, níbi tó jẹ́ pé òkúta ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé, tí òjò sì ti sọ òkúta náà di dúdú.

Ìyá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Olùkọ́ èdè Látìn ni kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Mummy ni mò ń pè é, nítorí n kò lè la ẹnu pe àgbàlagbà tó tó bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Níbẹ̀rẹ̀, ó ní òun kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, ó ń dáhùn. Òun náà ń pè mí ní "love", bí àwọn ará ìhín ṣe máa ń pe ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún wọn.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Èrèlè, mo ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bàsíà, rédíò sì ń polówó òdòdó pupa àti ṣokoléètì fún ọjọ́ olólùfẹ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Love, ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nílùú Róòmù láyé àtijọ́ ní àárín oṣù yìí?"

Mo ní n kò mọ̀. Ti àlùfáà tí wọ́n bẹ́ lórí, tí wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ pe ọjọ́ náà, nìkan ni mo gbọ́ rí.

Ó ní àjọ̀dún mìíràn ti wà kí wọ́n tó bí àlùfáà yẹn. Àwọn kan gbà pé inú rẹ̀ ni Valentine ti jáde. Àwọn mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọjọ́ wọn ló kàn súnmọ́ra. Wọ́n á pa ewúrẹ́, wọ́n á pa ajá. Wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ kan ọ̀dọ́kùnrin méjì níwájú orí, wọ́n á fi irun àgùntàn tí wọ́n rì sínú wàrà nù ún kúrò, àwọn ọmọkùnrin náà sì gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n á wá gé awọ ewúrẹ́ náà ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á sì máa sáré káàkiri ìlú pẹ̀lú ìbàǹtẹ́ lásán, wọ́n á máa fi awọ náà na ẹni tí wọ́n bá pàdé.

"Àwọn obìnrin kì í sá," ó ní. "Àwọn tó ń wá ọmọ á jáde síta, wọ́n á na ọwọ́ wọn síwájú, bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà fẹ́ nà. Wọ́n gbà pé ẹni tí ẹgba yẹn bá ti bà yóò lóyún."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé, "Mummy, ṣé wọ́n lóyún?"

"Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sílẹ̀, love. Ọkùnrin ló ń kọ̀wé nígbà náà."

N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tèmi. Mo sọ fún un pé kí a tó kúrò nílé, ìyá ọkọ mi mú mi lọ sórí òkè àdúrà kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwa obìnrin tí a ń wojú Olúwa fún ọmọ tò sórí ìlà. Wòlíì di imọ̀ ọ̀pẹ pọ̀, ó ń fi nà wá lọ́wọ́, ó ń fi nà wá níkùn. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Èmi fúnra mi ni mo ká aṣọ mi sókè. Obìnrin tó wà níwájú mi ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún nà mí sí i, kò tíì dùn mí tó." Nígbà tí a délé, ìyá ọkọ mi fi òrí pa ojú ẹgba náà fún mi, ó ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi. Á já sí ayọ̀."

Omi bàsíà ti tutù. Ìyá àgbà náà na ọwọ́, ó ń wá ọwọ́ mi kiri títí ó fi bà á, ó sì dì í mú.

"Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ nítàn yẹn," ó ní, "ẹ̀rín la máa ń fi í rín." Lẹ́yìn náà ló tún ní, "Èmi náà ì bá na ọwọ́."

Mo nu ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un.

Ní Sunday tó tẹ̀lé e, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó wà nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń rọ ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀. Pásítọ̀ wàásù lórí Valentine. Ó ní ọdún kèfèrí ni, pé ẹ̀jẹ̀ ẹran ló wà nídìí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé òdòdó wọlé rẹ̀. Ìjọ ń pariwo "Àmín." Kò pẹ́ sígbà yẹn tó ní kí àwọn obìnrin tó ń retí ọmọ jáde síwájú. Ó mú aṣọ funfun kan tí wọ́n ti da òróró sí, ó wé e mọ́ ọwọ́.

"Ẹ na ọwọ́ yín!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ náà nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń dún pàà lára àtẹ́lẹwọ́ wọn.

Ọkọ mi fi ìgúnpá tọ́ mi. "Dìde."

"Mi ò lọ."

"Jọ̀ọ́. Nítorí màámi."

"Wọ́n ti nà mí rí. Mi ò na ọwọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Ó wò mí títí. Ojú rẹ̀ kò le. Ká ní ó le ni, ì bá sàn fún mi. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀ sórí àga, ó rìn lọ síwájú, ó dúró sáàárín àwọn obìnrin náà, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ dáwọ́ dúró.

"Brother, kí lẹ ń wá níbí?"

N kò gbọ́ ohun tó fi dáhùn. Mo rí aṣọ náà bó ṣe bà á lọ́wọ́. Nígbà tí à ń darí lọ sílé, òórùn òróró náà gba gbogbo inú mọ́tò.

Ọmọ kò wá. Òtútù àyà mú ìyá àgbà Ramsbottom kí ọdún náà tó parí, ó sì gbẹ̀mí rẹ̀ lọ́jọ́ tí n kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ọ́fíìsì kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé kí n má lọ síbẹ̀ mọ́, wọ́n sì gbé bàbá kan fún mi ní Pendleton, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro ibẹ̀.

Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀lé e, ọkọ mi ní òun fẹ́ lọ wo ìyá òun nílé, pé ara rẹ̀ kò le mọ́. A kò jà. Èmi ni mo bá a ká aṣọ sínú báàgì. Ó mọ̀ pé mo mọ̀ pé òun kò ní padà wá, ṣùgbọ́n ẹnì kankan nínú wa kò sọ ọ́ jáde.

Ó ti lé ní ọdún kan tí ọkọ mi ti lọ, ìsàlẹ̀ ilé gogoro bàbá Pendleton yẹn ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyá ọkọ mi pè mí lórí fóònù.

"Ìyàwó mi, a kú ewu ọmọ o."

Mo gbọ́ ìkókó tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọkùnrin ni ọkọ rẹ bí," ó ní. "Ọmọ tìẹ náà ni. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà. A kú oríire. Ọlọ́run á dá a sí."

"O ò bínú?"

"Rárá, mà. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, bàbá kan ò tíì jẹun, èmi ló ń retí."

Lífìtì ti bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo fi fóònù sápò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn.