Ẹnu Relvie Pọ́n, Ojú Rẹ̀ Funfun

Oyún Relvie ti pé oṣù mẹ́fà, àárẹ̀ sì mú un débi pé kò lè pọn omi láì jókòó sinmi lójú ọ̀nà. Iakapin, ìyá ọkọ rẹ̀, ní irọ́ ni. "Ọ̀lẹ lásán! Ẹnu tó pọ́n báyìí, ṣé ẹnu ẹni tí ò lẹ́jẹ̀ nìyẹn?" Ló bá wọ́ ọ lọ sílé ìwòsàn, kí nọ́ọ̀sì lè bá a wí.

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, búáì tí gbogbo wa ní ìlú Rabaul níbí ń jẹ bí obì ló kun ẹnu rẹ̀. Inú ojú ni kẹ́ ẹ wò." Ó fa ìpéǹpéjú Relvie wálẹ̀. Inú rẹ̀ funfun bí inú àgbọn. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ó sì kó oògùn ẹ̀jẹ̀ fún Iakapin.

Láti ọjọ́ náà, Iakapin fúnra rẹ̀ ló ń fún Relvie ní oògùn náà lálaalẹ́, òun ló ń se ẹ̀fọ́ áíbíkà àti ẹja fún un. Bí Relvie bá nawọ́ sí búáì, á gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù: "Bímọ ná, olórí kunkun!"

Lọ́jọ́ tí Relvie bí, gbogbo ilé ń bèèrè bóyá akọ ni àbí abo. Iakapin ò bèèrè. Ìpéǹpéjú ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fà wálẹ̀. Inú rẹ̀ pọ́n dáadáa. Ìgbà náà ló tó mí kanlẹ̀, tó ní kí wọ́n gbé ọmọ fún òun.