Ojú Husain

Ogún ọdún ni Nọ́ọ̀sì Dinah ti ń gbẹ̀bí ní Ihunbo létí bọ́dà, kò sì sẹ́ni tó lè pè é ní ọ̀lẹ. Láti ìgbà tó ti kọ́ àyẹ̀wò ojú, kò sí ìkókó tó wọlé rẹ̀ tí kò ní tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí lójú. Yóò fi aṣọ bo fèrèsé kí yàrá lè ṣókùnkùn. Bí iná bá pọ́n padà látinú ẹyinjú, ó dára. Bó bá funfun, kíá ni kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí Abẹ́òkúta, torí àrùn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lè pa á.

Ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ ni wọ́n gbé ìbejì Roheemat wá, Àsánì àti Husain. Fìlà kan náà, aṣọ kan náà, bí a ti ń ṣe fún ìbejì. Bí ìbejì bá wá, Dinah a máa so òwú funfun mọ́ ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn kó má baà ṣì wọ́n mú, ṣùgbọ́n èrò kún ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, kò so ó. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lá ọbẹ̀ gbígbóná, Dinah kánjú. Ó wo èyí tí Roheemat gbé fún un, ó dára, ó gbé e padà fún wọn. Ó ní kí wọ́n gbé èkejì wá, ìyá ọkọ Roheemat sì na ọmọ sí i nínú òkùnkùn. Òun náà dára. Dinah kọ ọ́ sínú ìwé.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2019, ojú ọ̀tún Husain ń kọ funfun bí ojú ológbò. Ìjọba ti ti bọ́dà pa, wọn ò gbé bẹntiróòlù wá sápá ibẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Roheemat fi wá ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Abẹ́òkúta, dókítà ní àtìgbà tí wọ́n ti bí i ni àrùn náà ti wà níbẹ̀, ó ti pẹ́ jù, àfi kí àwọn yọ ojú náà kí ọmọ má baà kú. Wọ́n yọ ọ́.

Roheemat pọn Husain, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ sì wá kí Dinah.

“Màmá, ẹ̀yin ṣe tiyín,” Roheemat ní. “Bọ́dà yìí ló ba tiwa jẹ́.”

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. “Husain ń sùn lẹ́yìn mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ jí i. Àsánì náà ni mo tún gbé fún yín, Nọ́ọ̀sì. Ìbejì ṣáà ni wọ́n. Mo rò pé ojú kan náà ni wọ́n gbé wáyé.”

Dinah lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru ìyá àgbà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti dé ẹnu rẹ̀ kó tó rántí òwú tí kò so. Ojú tì í gidigidi.

“Èmi ni mo jẹ̀bi,” ó ní. “Roheemat, mi ò wo ojú Husain rárá.”

Roheemat tú ọ̀já, ó sọ Husain kalẹ̀, ó sì gbé e lé Dinah lẹ́sẹ̀.

“Ẹ wò ó báyìí, Màmá.”