Àpíìlì Kì í Ṣe Ẹ̀bẹ̀

Mo ṣì kéré gan-an nígbà tí ọ̀rọ̀ àpíìlì wọ ilé wa ní Ìlogbò-Èkìtì. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà yóò rántí bí àsìkò kòkó ṣe máa ń rí láyé ìgbà náà. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ dáadáa tí a ó ti gbé agbọ̀n rù, ìrì á sì ti rẹ aṣọ wa dé ìbàdí kí a tó dé oko. Bàbá mi á máa já kòkó, ìyá mi á máa là á, èmi Fọlákẹ́ àti àwọn àbúrò mi obìnrin, Bọ́lá àti Dúpẹ́, á máa kó o jọ. Iṣẹ́ wa kì í yá, torí ẹnu wa kì í dilẹ̀. Omi dídùn tó wà lára kòkó tútù la ó máa lá. Bí Bàbá bá rí wa, á ní kí a kúnlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ, kí a gbé ọwọ́ sókè. Kò ní pẹ́ tí òun náà á sun iṣu, á fi epo àti iyọ̀ sí i, á ní ká dìde wá jẹun.

Ọdún tí mo wọ kíláàsì kẹrin ni ibà pa bàbá mi. A kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ tí àbúrò rẹ̀ dé. Bàbá Ìjerò là ń pè é, torí pé Ìjerò ló ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bàtà rẹ̀ máa ń dún ko-ko-ko lórí sìmẹ́ńtì, gẹ̀ẹ́sì sì máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá ń bínú. Ó ní oko kòkó ti di tòun. Ó ní ọmọbìnrin nìkan ni ẹ̀gbọ́n òun bí, ilé ọkọ sì ni gbogbo wọn ń lọ.

Ìyá mi kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù ìbílẹ̀ ní Àrámọ̀kọ, ìyá mi sì mú mi dání lọ. Àwọn adájọ́ gbọ́ tẹnu Bàbá Ìjerò tán pátápátá, wọ́n gbọ́ díẹ̀ lára tìyá mi, wọ́n ní Bàbá Ìjerò ló jàre. Akọ̀wé kóòtù wá sọ gẹ̀ẹ́sì kan wàràwàrà kó tó pe ẹjọ́ tó kàn. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni etí mi mú: àpíìlì.

Nígbà tí a jáde síta, ìyá mi bi Bàbá Ìjerò pé kí ni wọ́n wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní kí o ṣe àpíìlì. Ìyẹn ni pé kí o wá bẹ̀ mí. Mú àwọn ẹbí rẹ dání, kí ẹ wá kúnlẹ̀ nílé mi, bóyá mo lè fún ọ ní etí oko kan tí wàá máa gbin ẹ̀gẹ́ sí."

"Kóòtù ló ní kí n bẹ̀ yín?"

"Kóòtù ni."

Ìyá mi tún gèlè rẹ̀ wé, ó fà á le. "Ẹ bá mi sọ fún kóòtù pé n kò bẹ̀."

Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wá bá a nílé. Wọ́n bá a níbi tó ti ń gún iyán. Wọ́n ní, "Ìyá Fọlákẹ́, kí ló wà nínú ìkúnlẹ̀? Lọ bẹ̀ ẹ́, kí o rí nǹkan fún àwọn ọmọ jẹ." Kò dá ọmọ odó dúró. Ó ní, "Ọlọ́run ni mò ń kúnlẹ̀ fún, Ọlọ́run kò sì gba oko mi."

Ọ̀rọ̀ náà ń jà lọ́kàn mi. Tíṣà wa obìnrin, tí à ń pè ní Mísì, gba yàrá iwájú nílé wa. Mo bá a níbi tó ti ń fi áyọ̀ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ, mo bi í pé kí ni àpíìlì. Nígbà tí mo sọ ohun tí Bàbá Ìjerò wí, ó gbé áyọ̀ọ̀nù sílẹ̀, ó mú síléètì mi, ó kọ ọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì: *appeal to*, *appeal against*. Ó gbé e lọ bá ìyá mi ní ìdí ààrò.

"Màmá, ìtumọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní. Ti òkè yìí, ẹ̀bẹ̀ ni, béèyàn bá ń bẹ ẹnì kan. Ti ìsàlẹ̀ yìí ni ti kóòtù. Ó túmọ̀ sí pé ẹjọ́ tí ẹ dá kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo ń gbé e lọ bá ẹni tó jù yín lọ."

"Ẹni tó jù wọ́n lọ wà?"

"Ó wà ní Adó, Màmá."

Ìyá mi wo síléètì náà, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀wé. Ó ní, "Wọn kò ní kí n kúnlẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ní kí n dìde ni."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti Mísì lọ sí Àrámọ̀kọ, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún akọ̀wé kóòtù pé òun ṣe àpíìlì. Ọ̀rọ̀ náà wá di tiwa nílé. Bí wọ́n bá ní kí Dúpẹ́ kúnlẹ̀ torí pé ó jí ẹran inú ọbẹ̀, á pariwo pé, "Mo ṣe àpíìlì!" Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ni ìyá mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú bàbá wa. Ó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Èmi náà ni kóòtù Adó. Kúnlẹ̀."

Bàbá Ìjerò gbọ́, ó sáré dé. "Ìwọ tí o kò mọ A yàtọ̀ sí B, ìwọ lo fẹ́ gbé mi lọ sí Adó?"

Ìyá mi fún un ní omi mu, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé. "Ẹ̀yin lẹ ní kóòtù ní kí n ṣe àpíìlì. Mo sì ti ń ṣe é."

Ní Adó, adájọ́ bi Bàbá Ìjerò pé ta ló gbin oko náà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Ó tún bi í pé ta ló bí àwa ọmọ yìí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun náà ni. Adájọ́ ní ọmọbìnrin kì í ṣe àlejò nílé bàbá rẹ̀. Ó ní àwa ọmọ la ni oko, kí ìyá wa máa bá wa mójú tó o títí a ó fi dàgbà. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú gírígírí débi pé ó dùn mí.

Àmọ́ a jìyà rẹ̀ lọ́nà mìíràn o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará ilé bàbá mi kò fi kí wa, bí a bá tilẹ̀ jọ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní alágídí obìnrin ni ìyá wa. Ó máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ lè fi gba oko lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́. Lónìí, ọmọ ọmọ mi ń fi gẹ̀ẹ́sì tọrọ bisikíìtì lọ́wọ́ mi, rédíò sì ń ṣàlàyé òfin ní Yorùbá. Síbẹ̀, àwọn tó ń mú opó kúnlẹ̀ kò tíì tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, opó kan wá bá mi pẹ̀lú ẹkún. Ó kàwé jù mí lọ. Ó ní àwọn àna òun ti gba ilé, kí n bá òun lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ní mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo wọ bàtà mi, mo ní kó dìde, ká máa lọ sí Adó.