Adìẹ Tí Mo Rẹ Sínú Bọ́kẹ́ẹ̀tì Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Sátidé tó kọjá.

Ìyẹrè, nítòsí Ọ̀wọ̀, ni ilé bàbá mi wà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, oko kòkó ni wọ́n gbájú mọ́ báyìí. Àbúrò mi parí Poli, mo wá ní ká yan adìẹ fún un ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Ẹ sáà mọ̀ mí, n kì í fọwọ́ kékeré mú fàájì. Adìẹ mẹ́fà ni mo gé ní ìrọ̀lẹ́ Fráídé! Mo lọ ata, àlùbọ́sà, ayù àti atalẹ̀, mo fi kọrí àti máàgì sí i, mo fẹ́ kó wọra dáadáa kí ilẹ̀ tó mọ́.

Abọ́ wo ló máa gba adìẹ mẹ́fà? Mo rí bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kan tó ní ìdérí ní yàrá ẹrù. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbóòórùn ẹ̀, kò rùn rárá. Mo da ẹran sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, èédú ti ràn, òórùn adìẹ ti gba àdúgbò, àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò mi sì ti ń dé. Tèmi, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ò jẹ́ kí n ráyè. Mo bá fún un ní apá adìẹ kan.

Kò pẹ́ ni bàbá mi ti ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n rí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọn ò kí àlejò kankan, ṣe ni wọ́n fẹsẹ̀ ta ààrò irin tí mo fi ń yan ẹran dànù, àtèédú àtadìẹ.

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Ṣé bó ṣe yẹ kí wọ́n dójú tì wá níwájú àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ wọn nìyẹn? Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n fi èdè Ọ̀wọ̀ rọra bi mí pé ta ló ti jẹ nínú ẹ̀. Wọ́n ní bọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn fi ń po oògùn apakòkòrò tí àwọn ń fín sí kòkó ni.

Mo wo Tèmi. Eegun ló kù lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀kadà la gbà lọ sí ọsibítù. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní ká jókòó ká máa ṣọ́ ọ. Ẹ má bi mí bí ìjókòó yẹn ṣe rí. Bàbá mi ń sọ pé ẹ̀bi àwọn ni, pé àwọn ò kọ nǹkan kan sára ẹ̀.

Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń tajà.

Irọ́ ni mo pa. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí. Èmi ni mò ń lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní Ẹlẹ́gbẹ́ka, tí mò ń sọ fún wọn pé ike oògùn oko kì í ṣe ike oúnjẹ, bí wọ́n tiẹ̀ fi odindi ọdún fọ̀ ọ́.

A dúpẹ́, Tèmi ò bì, ara ẹ̀ ò gbọ̀n, ó ti ń sáré kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó mú ohun èlò ẹ̀ lò. Ọṣẹ ò lè fọ àìbéèrè dànù.

Ṣùgbọ́n n ò tíì lè padà sí Ẹlẹ́gbẹ́ka. Ìyàwó àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo gba ike oògùn oko tó rọ epo sí lọ́wọ́ ẹ̀ lójú ọkọ ẹ̀, tí mo sì bá a wí bí ọmọdé. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín rí? Ẹ sọ tiyín fún mi, kí ẹ sì sọ ohun tí mo máa wí tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà obìnrin yẹn.