Ẹni Tí Kò Mú Ègé Aṣọ Wá

Bí o bá kó aṣọ lọ fún Súlìyát ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Fegge, nílẹ̀ Ìgbò, àlùmọ́gàjí ni yóò kọ́kọ́ mú. Á gé ègé kékeré kan ní etí aṣọ náà, á fi lé ọ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí o bá ń bọ̀ wá gba aṣọ rẹ, ègé yẹn ni wàá mú dání. Bí o kò bá mú un wá, o padà sílé nìyẹn, ì báà jẹ́ ìyá tó bí ọ ló rán ọ wá. Àwọn ará àdúgbò ní obìnrin náà ti le jù. Ó ti ń ránṣọ níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, aṣọ oníbàárà kankan kò sì tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn rí, nítorí náà kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ.

Obìnrin tó le yìí sì ń dáko. Kì í ṣe oko ọkọ́ àti àdá o. Inú fóònù ni oko rẹ̀ wà, géèmù tí tòmátò ti ń pọ́n láàárín wákàtí méjì, tí ewúrẹ́ oníwọ̀ra kan kì í sì í dé. Bílíkísù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wà ní Ìsẹ́yìn, ló sọ ọ́ di àgbẹ̀. Etí Bílíkísù ti di pátápátá, kò gbọ́ fóònù mọ́, kò sì mọ̀wé. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́ àwọn méjèèjì ní géèmù náà kó tó lọ sí ìlú òkèèrè. Ó di ọdún mẹ́fà báyìí. Bí wọ́n bá ti kírun Alaasari tán, ẹ̀gbọ́n á fi tòmátò mẹ́ta ránṣẹ́, àbúrò á fi àgbàdo mẹ́ta dá a lóhùn. Bí tòmátò bá ti dé, Súlìyát mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun wà láyọ̀, á sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Àmọ́ ibì kan wà tí ọlọ́gbọ́n gọ̀ sí. Nítorí ìfẹ́, ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sójú oko tirẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á: "Oko Súlìyát Fegge àti Bílíkísù Ìsẹ́yìn."

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, lẹ́yìn ìrun Ayílà, fóònù rẹ̀ dún. Ohùn ọkùnrin ni, Yorùbá rẹ̀ já gaara.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Mùs'áb lorúkọ mi, àdúgbò kan náà lèmi àti ẹ̀gbọ́n yín ń gbé ní Ìsẹ́yìn. Fóònù wọn ti bàjẹ́, wọ́n ní kí n bá wọn ṣí oko yẹn sórí tuntun. Nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù yín. Ẹ ṣáà kà á fún mi."

Ẹni tó bá ti gbé ìlú tí Ìgbò àti Píjìn ti ń jí i láràárọ̀ ló mọ bí ohùn ilé ṣe ń rí létí. Inú Súlìyát yọ́. Nọ́ńbà náà sì wọlé lóòótọ́. Ó gbé awò rẹ̀ sójú.

"Méje," ó bẹ̀rẹ̀.

Àfi bí ọkùnrin kan ṣe yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. "Madam, good afternoon. Na my wife send me make I carry her gown."

Súlìyát kò gbójú sókè. "Wey the piece?"

"She forget am for house. But na me be the husband."

"Oga, no piece, no cloth. Biko, go bring am."

Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán ni òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ. Nọ́ńbà mẹ́fà yìí, ṣé kì í ṣe ègé aṣọ tòun nìyí, tí òun fẹ́ gbé lé ẹni tí òun kò rí rí lọ́wọ́? Díẹ̀ ló kù kí aṣọ má bá Ọmọ́yẹ mọ́.

"Mùs'áb," ó ní, "kí ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lójoojúmọ́?"

"Ìyá, ẹ má fi àkókò ṣòfò. Nọ́ńbà yẹn kì í pẹ́ kú."

Súlìyát pa fóònù. Ó ké sí Ọmọ́lábákẹ́, onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ́lábákẹ́ bá a pààrọ̀ pásíwọ̀ọ̀dù oko rẹ̀, ó fi ìlẹ̀kùn kejì sí i, tí yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí mìíràn kó tó ṣí, ó sì pa orúkọ àwọn méjèèjì àti nọ́ńbà fóònù náà rẹ́ lójú oko.

Nígbà náà ni ẹ̀rù tó bà á gan-an. Bó bá ṣe pé fóònù Bílíkísù bàjẹ́ lóòótọ́ ńkọ́? Kò sí bó ṣe lè pè é wádìí. Ṣé oníṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lé dànù yẹn? Ó rán apá bùbá kan lódì, ó tú u, ó tún rán an lódì. Ọkọ oníbàárà mú ègé aṣọ dé pẹ̀lú ìkùnsínú, Súlìyát sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi yà á lẹ́nu.

Ó kírun Alaasari, ó jókòó ti fóònù. Oko dákẹ́. Ó ń wò ó.

Tòmátò kan bọ́ sílẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ìkẹta pẹ́ díẹ̀, ó sì dé.

Súlìyát fi ìborí nu ojú rẹ̀. Ayọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ó fẹ́ kó gbogbo àgbàdo inú àká ránṣẹ́. Ó ti na ọwọ́ sí i kó tó rántí pé Bílíkísù náà ń ka tirẹ̀ níbẹ̀ yẹn, àti pé bí kò bá pé mẹ́ta tàbí tó lé, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀. Mẹ́ta péré ló fi ránṣẹ́.