Fèrè Ẹ̀ẹ̀mejì Tí Mo Kọ Ní Ewu

Yéè, Bàbá mi! Ó dìgbà kan ná o. Ẹnu tí mo fi sẹ́ yín náà ni mo fi ń dágbére fún yín yìí, ojú sì ń tì mí níwájú gbogbo ẹni tó máa ka ìwé ìsìnkú yín yìí.

Bàbá mi, Adéòtí ọmọ Kétu, ẹni tó fi alùpùpù zẹ́mì gbé tọmọdé tàgbà Idigny débi tí wọ́n ń lọ! Ọkàn aláboyún máa ń balẹ̀ lẹ́yìn yín. Olùkọ́ tí ẹ bá gbé lọ sí Kpankou kì í pẹ́ lẹ́yìn. Bí ẹ bá sì ń kọjá lójúde ẹnikẹ́ni, ẹ ó tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì, píí-píì. Ẹ máa ń sọ pé, "Ẹ̀ẹ̀kan ni 'yà lọ́nà', ẹ̀ẹ̀mejì ni 'ẹ kú ilé o'. Ẹni tí kì í kí ará ọ̀nà, ta ni yóò sọ fún un pé kòtò wà níwájú?"

Iṣẹ́ tèmi ní Kutọnu ni pé à ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa wa mọ́tò láìsí awakọ̀, láàárín èrò àti zẹ́mì ìgboro. A ó fi fídíò ìrìn àwọn èèyàn hàn án, a ó sì kọ ìtumọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀ yín wá. Ẹ de kámẹ́rà mọ́ àṣíborí, ẹ gun alùpùpù yí ìgboro ká fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ibi tí ẹ ti tẹ fèrè, èmi tí fèrè yẹn tọ́ dàgbà, "ewu" ni mo kọ síbẹ̀. Mo ń kánjú.

Ọjọ́ tí a dán mọ́tò náà wò, bí ẹnì kan bá ti fi fèrè kí ẹnì kejì, ńṣe ni mọ́tò náà ń dúró gbagidi láàárín títì. Inú bí ọ̀gá mi. Ó ní ta ló gun alùpùpù tí a fi kọ́ ọ? Mo fi Faransé dáhùn pé, "Ará oko kan ni, kò mọ òfin ojú pópó. N ò mọ̀ ọ́n rí." Irọ́ burúkú! Ẹ sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbé ẹ̀pà sísè tí Ìyá fi ránṣẹ́ sí mi dání. Mo rò pé ẹ kò gbọ́ Faransé. Ẹni tó ti ń gbé àwọn olùkọ́ tí ń sọ Faransé fún ogún ọdún!

Ẹ gbé ẹ̀pà náà kalẹ̀, ẹ wò mí, ẹ ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

"Ẹ"! Ẹ̀yin tí ẹ bí mi! Láti ọjọ́ náà títí àìsàn fi mú yín lọ, ẹ kò pè mí ní "ìwọ" mọ́. Bí mo bá tẹ̀ yín láago, "Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá" ni. Mo ní bí iṣẹ́ bá dẹwọ́, màá wálé wá dọ̀bálẹ̀. Iṣẹ́ ò dẹwọ́, ikú ló dé.

Bàbá, mo ti pa "ewu" yẹn rẹ́ níbi gbogbo, "ìkíni" ni mo kọ sí i. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé baba mi lẹ jẹ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lónìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín yóò tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì bí pósí yín bá ń kọjá. Inú erùpẹ̀ ni màá dọ̀bálẹ̀ sí, lójú gbogbo ayé. Ọjọ́ tí a bá tún pàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní ọ̀gá. Ẹ ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti dé?"

Ẹ sùn re o, ẹ̀yin tí ẹ bí mi.