Rọ́bà Ìjọba Nínú Ikùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, ṣé ìjọba ti bẹ̀ ọ́ rí pé kí o dá ohun tó wà nínú ikùn rẹ padà? Wọ́n bẹ ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ẹ̀, ó sì fi àáké kọ́rí. Èmi ni wọ́n rán sí i. Mo lọ, mo bọ̀ láàrin ìlú Ìdáàṣà àti Lẹ́mà títí ìsàlẹ̀ bàtà mi fi lu.

Ìgbà ìyípadà ńlá ni, nígbà tí a sọ orílẹ̀-èdè wa lórúkọ tuntun, tí tọmọdé tàgbà di kámáràdì, tí ẹni tí kò bá na ìkúùkù sókè níbi ìpàdé yóò wá ṣàlàyé ohun tó ṣe apá rẹ̀. Olùkọ́ ni mí nígbà náà. Mo ń na tèmi sókè dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi kì í na tirẹ̀. Àgbẹ̀ oníṣu ni ní Lẹ́mà, Kátólíìkì tí kì í pa Máàsì ọjọ́ Ìsinmi jẹ, tí ó sì ń fi ọjọ́ yòókù bú àlùfáà, ìjọba àti ewúrẹ́ láìfi ọ̀kan ṣe ààyò.

Àárín òkúta ni wọ́n bí wa sí. Ẹni tó bá ti rí àwọn òkè wa mọ̀ pé òkúta kò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ tó gbé tirẹ̀ sínú kíndìnrín. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há, a sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá kan ní ìhà etí òkun. Dókítà là á, ó yọ òkúta náà, ó sì fi sínú ìgò kékeré fún un. Nígbà tí a délé, ó gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère Màríà Mímọ́ lórí pẹpẹ yàrá rẹ̀. Àwọn àlejò kì í mọ èyí tí wọn ì bá kọ́kọ́ kí.

Òkúta jáde, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wọlé. Kí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti inú kíndìnrín lè jinná láìdí, dókítà fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i. Ojúlówó rẹ̀ wà ní ilẹ̀ òyìnbó, owó rẹ̀ sì ga ju apá wa lọ. Nítorí náà, ó gé rọ́bà tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ tuntun láti ihò imú, ó sì lo ìyẹn. Èdè Faransé ló fi sọ ọ́ fún mi, ó sì bẹ̀ mí kí n má ṣe túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀.

“Èyí tí oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ń gbà kọjá?” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Abájọ tí ara mi fi ń jọ̀lọ̀.”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kí iṣu tuntun tó kún ọjà, ẹ gbé e padà wá kí n yọ ọ́. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òkúta mìíràn yóò hù sára rọ́bà náà, kíndìnrín yóò sì kú.” Ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Ṣùgbọ́n bí a ti dé ẹnu ọ̀nà, obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn sáré tẹ̀lé wa. “Bàbá, ẹ tọ́jú rọ́bà yẹn o. Bí ẹ bá dá a padà, a ó sè é, a ó fi sí ẹlòmíràn nínú.”

Gbólóhùn yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Iṣu tuntun jáde, a jẹ ẹ́, ó sú wa. Ẹ̀gbọ́n mi ń ro oko, ó ń jẹun, kò sí ibi tó ń dùn ún. Mo lọ bá a.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àsìkò ti kọjá. Kíndìnrín yín ni mo ń bẹ̀ yín fún.”

“Àbúrò, níbo ni ọkọ́ mi wà?”

Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n gba ọkọ́ rẹ̀ tó dára jù lọ fún oko àjùmọ̀ní, wọ́n ní àwọn yóò dá a padà lẹ́yìn ìkórè. Kò sí ẹni tó tún fojú kàn án.

“Tèmi wà lọ́wọ́ wọn,” ni ó wí, “tiwọn wà nínú mi. Kí wọ́n jókòó.”

Mo ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n, ni mo bá mú délégè wá, ìyẹn aṣojú ìjọba ní abúlé. Ọkùnrin náà kó àwọn ènìyàn jọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. “Kámáràdì, rọ́bà yẹn kì í ṣe tìrẹ! Ti gbogbo ènìyàn ni!”

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó tú bẹ́líìtì rẹ̀. “Ó dára. Kí gbogbo ènìyàn wá fà á yọ.”

Ìpàdé tú ká. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín lọ, délégè kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ọyẹ́ fi dé.

Ọyẹ́ yẹn náà ni ìtọ̀ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ìrora ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì sì ń mú un kúnlẹ̀ láàrin ebè. Ó ní òógùn oko ni. Ìyàwó rẹ̀ ló fọ aṣọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì rí. Ó gbé ṣòkòtò náà wá síwájú rẹ̀ níṣojú mi.

“Baálé mi, ẹ̀yin tí ẹ kò rí ọkọ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba, ṣé ẹ̀jẹ̀ lẹ fẹ́ máa tọ̀ lé wọn lórí?”

“Wọn yóò sè é, wọn yóò fi fún ẹlòmíràn.”

“Ẹ ní kí wọ́n fi í sínú ìgò fún yín bíi ti àkọ́kọ́. Àbí àyè ti tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màríà ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi wo pẹpẹ náà. “Àyè wà,” ni ó wí. Èmi tí mo kàwé, mo ti fi oṣù mélòó kan ṣàlàyé kíndìnrín fún ẹni tó jẹ́ pé ìgò ló ń wá.

A padà sí etí òkun. Dókítà kò lè fa rọ́bà náà láti ìsàlẹ̀. Ó ní láti là á lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó yọ jáde dà bí ẹ̀ka igi tí ikán ti mọlé bò. Obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn ti gbé abọ́ wá láti gbà á. Ó wò ó, ó sì gbé abọ́ rẹ̀ padà lọ.

Mo bi dókítà bóyá ó dára kí wọ́n máa se irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì gbé e láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn. Ó fi èdè Faransé dá mi lóhùn, “Kò dára, Mùsíọ̀. Ẹ bá mi wá tuntun.”

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jí, ìgò ló kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n gbé e fún un tòun ti rọ́bà náà nínú, ó sì mì ín létí rẹ̀. “Ẹ sè é nísinsìnyí, kí n rí i,” ni ó wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa.

Wọ́n yọ kíndìnrín òsì tó ti kú pẹ̀lú rọ́bà náà. Ọ̀kan tó kù ló fi ro oko títí ó fi kú.